Jagunjagun Lórí Awọ Dúdú: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Fínfín ní Ketu àti Mile 12

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, wá kí mi ní ilé mi ní Ìkòsí. Kò tí ì jókòó dáadáa tí ó fi na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ẹ bá mi wo èyí. Òun ni mo fẹ́ fín sí apá. Ẹ sọ fún mi bí ó bá dára." Àwòrán jagunjagun ni: ojú ọkùnrin kan tí ó le koko, àpá ọgbẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, àṣíborí irin ní orí, ìrù ẹṣin dúró ṣánṣán ní àtàrí àṣíborí náà, èéfín ń rú lẹ́yìn rẹ̀, kìnnìún kan sì la ẹnu ní abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kò sí àwọ̀ mìíràn níbẹ̀ ju dúdú àti àwọ̀ eérú lọ. Bàbá ọmọ náà, tí ó ti di olóògbé, jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù tí ó ń ná òkè Ọya sí Mile 12. Ọmọ náà ní ìrántí bàbá òun ni òun fẹ́ fi jagunjagun náà ṣe.

Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà ní ilé àti ní òkè òkun. Mo ti dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà ìwé tí mo kọ lórí ère gbígbẹ́. Síbẹ̀ ìbéèrè ọmọ yìí kò rọrùn fún mi láti dáhùn. Ní ilẹ̀ wa lónìí, ìbéèrè mẹ́ta ni a máa ń bi ẹni tí ó bá fín ara. Èkíní, ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Èkejì, ṣé ọmọ ilé rere ni? Ẹ̀kẹta, kí ni ọlọ́pàá yóò wí? Ṣàṣà ni ẹni tí ń béèrè bóyá iṣẹ́ náà dára gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí agbẹ́gilére. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí aláró. A kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí oníjàálá. Bí oníjàálá bá ṣìnà nínú oríkì ẹkùn, àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dá a dúró lójú agbo. Bí alá-táátù bá ṣìnà lórí apá ènìyàn, ta ni yóò dá a dúró? Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti dáhùn ìbéèrè àbúrò mi bí ó ti yẹ kí olùyẹ̀wòṣẹ́ dáhùn rẹ̀, kí n sì sọ ìdí tí mo fi rò pé ó yẹ kí Ẹgbẹ́ wa fi ojú sí ọ̀rọ̀ náà.

Fínfín kì í ṣe àjèjì

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àwọn ohun tí ó jọ ara wọn sọ́tọ̀. Ilà ni èyí tí a kọ sí ojú: àbàjà, pélé, gọ̀mbọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí Samuel Johnson to lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Iṣẹ́ ilà ni láti sọ ìlú àti ìdílé ẹni. Gbẹ́rẹ́ ni èyí tí a sín nítorí oògùn. Inú ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, kì í ṣe òde. Bùjé ni omi èso tí a fi ń ya ara, tí ń dúdú fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó parẹ́. Oge ni, kò sì pète láti tọ́jọ́. Kóló ni ó súnmọ́ ohun tí a ń sọ jù lọ. Olóòlà yóò fi orí abẹ gé awọ kéékèèkéé, lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì fi ẹbu dúdú pa á. Nígbà tí ó bá jinná, ìlà náà yóò dúdú ju awọ tí ó yí i ká lọ. Henry Drewal, nínú àròkọ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1988, fi yé ayé pé oníṣọ̀nà gidi ni olóòlà tí ń ṣe kóló, pé ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà tò ó, àti pé ẹni tí ó gbà á láìsunkún ti fi ìfaradà rẹ̀ hàn fún ilé àti fún àdúgbò. Àwọn àgbà ti sọ èyí kí ìwé tó sọ ọ́: títa ríro là ń kọlà, bí ó bá jinná tán, a di oge.

Ìyá tí ó bí ìyá mi ní alángbá kan ní apá òsì, ó sì ní orúkọ ara rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Lẹ́tà kan nínú orúkọ náà kọ ẹ̀yìn sí àwọn yòókù, nítorí pé ẹni tí ó fín in kò mọ̀wé, ìyá náà kò sì mọ̀wé. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré, òun pàápàá a sì máa bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ́ ẹ sí orí àga ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, alángbá náà ṣì hàn kedere, orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìrù rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ ara rẹ̀ ti hunjọ. N óò padà sí alángbá yìí láìpẹ́, nítorí pé ẹ̀rí ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni mo ń sọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti ka fínfín àti ilà lára ọmọdé sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ sanwó ìtanràn tàbí kí a ṣẹ̀wọ̀n, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2007. Àgbàlagbà tí ó yan ohun tí ó fẹ́ fún ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi bá wí.

Ibi tí ọnà eérú ti wá

Ọnà dúdú-òun-eérú tí ó gba ojú àwọn ọ̀dọ́ wa kò ti ilé ẹ̀kọ́ ọnà jáde. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti wá. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá a máa pọ́n okùn gìtá bí abẹ́rẹ́, wọn a máa yọ mọ́tò inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì láti fi gbọn abẹ́rẹ́ náà, tàdáwà dúdú kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ nítorí pé wọn kò rí òmíràn. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo a máa fa ìlà tín-ín-rín. Tàdáwà tí a fi omi là a máa di àwọ̀ eérú. Bí omi bá ti pọ̀ tó ni eérú náà yóò ti fẹ́lẹ́ tó. Ní ọdún 1975, Charlie Cartwright àti Jack Rudy ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní ìhà ìlà-oòrùn Los Angeles, Good Time Charlie's Tattooland ni wọ́n pè é, wọ́n sì mú ọnà ẹlẹ́wọ̀n yìí bọ́ sí gbangba pẹ̀lú ẹ̀rọ gidi. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: Samuel O'Reilly gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ fínfín oníná ní New York ní ọdún 1891.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ó bu ọlá fún ọnà náà. Ẹlẹ́wọ̀n tí ó ní ìgò tàdáwà kan ṣoṣo rí òjìji, ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti omijé nínú ìgò náà. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ẹni tí ó bá pè é ní ìwà ìpáǹle lásán kò tí ì wò ó. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà kọ́ wa ní ohun kejì: oníṣọ̀nà California mọ awọ tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ó sì ṣe ọnà rẹ̀ bá awọ náà mu. Ìbéèrè wa ni bóyá àwọn tí ó gba ọnà náà ní ìlú wa ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Awọ dúdú àti òjìji

Abẹ́rẹ́ alá-táátù a máa gbé tàdáwà kọjá ìpele awọ ti òkè, a sì fi í sí ìpele kejì, ní ìwọ̀n mílímítà kan sí méjì. Níbẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìdọ̀tí inú ara mì ti ń gbé e mì. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Faransé fi hàn, lára eku, pé nígbà tí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ bá kú, òmíràn ni yóò gba ẹrù tí ó sọ̀ kalẹ̀. Bí ogún ìdílé ni: ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ ń kú, ogún náà kò parẹ́. Ìdí nìyí tí fínfín fi ń bá ènìyàn dé sàréè.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí Ọlọ́run fi dá wa, ìpele òkè ni ó wà. Èyí ni pé tàdáwà wà ní abẹ́, dúdú ara wa sì wà ní òkè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka ìwé láti ẹ̀yìn dígí tí a kùn. Ohun tí ó dúdú jù nínú ìwé náà yóò hàn. Eérú tí ó fẹ́lẹ́ kò ní hàn. Tàdáwà funfun pàápàá, tí àwọn kan ń lò láti fi mú ojú àwòrán dán, kì í pẹ́ kí ó tó ṣú. Bí a bá fi àtẹ̀gùn ṣe àpẹẹrẹ, àtẹ̀gùn tí oníṣọ̀nà ní láti gùn láti ibi tí ó dúdú jù dé ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù pọ̀ lórí awọ funfun. Lórí awọ tiwa, wọn kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn mẹ́wàá níbi tí mẹ́rin wà yóò fi ẹsẹ̀ tẹ òfuurufú.

Mo rí ẹ̀rí èyí ní ọjà Mile 12. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń já iṣu láti inú ọkọ̀, ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, jagunjagun sì wà ní apá rẹ̀. Nígbà tí ó sinmi, mo sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo apá yín." "Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá," ni ó wí, ó sì yí apá sí oòrùn. Ọdún mẹ́rin ni ó ti fín in. Etí àṣíborí náà hàn, nítorí pé ìlà tí ó nípọn ni wọ́n fi fà á. Ìrù ẹṣin náà hàn. Ṣùgbọ́n ojú jagunjagun ti lọ. Ibi tí ó yẹ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú wà ti di àbàwọ́n kan ṣoṣo, bí ẹni tí ó dúró sínú ọyẹ́. Àṣíborí ni ó kù tí ó ń jagun. Mo bi í pé, "Jagunjagun ìlú wo ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ti Mile 12 ni, ọ̀gá," ni ó wí, ó sì padà sí ìdí iṣu. Ìdáhùn rẹ̀ yìí tún ń bọ̀ wá bá wa.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ketu, nínú yàrá kékeré kan ní orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo fi àwòrán àbúrò mi hàn án. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ó wò ó pẹ́, ó sì mi orí. "Lára òyìnbó ni wọ́n ti ya fọ́tò yìí," ni ó wí, "ní ọjọ́ tí wọ́n fín in gan-an, kí ó tó jinná. Bí mo bá ṣe é bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, inú rẹ̀ á dùn lónìí, á bú mi ní ọdún tó ń bọ̀." Mo bi í pé kí ni ó máa ń ṣe. Ó fi iṣẹ́ tirẹ̀ hàn mí: ó ti yọ gbogbo eérú tí ó fẹ́lẹ́ kúrò, ó fi dúdú tí ó jinlẹ̀ sí ibi òjìji, ó sì fi awọ ènìyàn náà sílẹ̀ gbayawu kí ó jẹ́ ìmọ́lẹ̀. Àwòrán náà tóbi, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo ka ìwé púpọ̀ lórí ọnà kí n tó pàdé ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ yẹ àwòrán náà wò bí ó ti yẹ. Ojú ọnà ni àwọn baba wa ń pe irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjọra

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi yóò sọ pé gbogbo wàhálà yìí kò pọn dandan: ìjọra gidi, èyí tí ó dà bí fọ́tò, kì í ṣe ti Yorùbá, nítorí náà kí a gbé e jùnù. Wọn yóò pe Robert Farris Thompson ní ẹlẹ́rìí. Òun ni ó bi àwọn àgbà wa léèrè ohun tí ń mú ère dára, tí ó sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1973 pé jíjọra ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n jíjọra ti àárín: kí ère jọ ènìyàn, kí ó má sì jọ ẹnì kan pàtó jù. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Rowland Abiodun ti rán wa létí àkó ti Ọ̀wọ̀, ère olóògbé tí a ṣe kí ó jọ ọ́ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni, tí a wọ̀ ní aṣọ, tí a sì gbé kiri ìlú kí a tó sin ín. Bí kò bá jọ ọ́, kò ṣiṣẹ́. Ẹ sì wo àwọn orí idẹ Ifẹ̀, èyí tí a hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, tí àwọn onímọ̀ fi ọjọ́ orí wọn sí àárín ọdún 1100 sí 1500. Nígbà tí ayé rí wọn, ẹnu yà wọ́n pé ènìyàn lè jọ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú idẹ. Ẹni tí ó bá ní ìjọra jẹ́ ohun àjèjì lọ́dọ̀ wa, kí ó kọ́kọ́ lọ jiyàn pẹ̀lú Ifẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn orí Ifẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ tí ó bo gbogbo ojú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ohun tí ìlà náà túmọ̀ sí, n kò sì fẹ́ dá sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni iṣẹ́ tí ìlà náà ń ṣe fún ojú ẹni tí ń wò ó. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá yọ, ìlà a bá a yọ. Bí ó bá wọ inú lẹ́bàá imú, ìlà a tẹ̀ lé e wọ inú. Láìsí òjìji kankan, ìlà nìkan ti sọ fún wa bí ojú náà ti rí. Níhìn-ín ni ìjọra àti fínfín ti pàdé lórí ojú kan ṣoṣo, ní ilẹ̀ wa, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ẹ̀rọ oníná.

Ẹ wá rántí alángbá ìyá àgbà. Ìlà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì bá a dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ rántí alájàá-iṣu ti Mile 12: ohun tí wọ́n fi ìlà ṣe lára jagunjagun rẹ̀ ni ó kù, ohun tí wọ́n fi eérú ṣe ti lọ. Awọ dúdú fẹ́ràn ìlà. Kóló mọ èyí. Bí oníṣọ̀nà Ketu bá fẹ́ ya ojú jagunjagun tí yóò jọ ènìyàn, tí kò sì ní parẹ́, ọ̀nà kan wà fún un tí kò gba ti California kọjá: kí ó fi ìlà ṣe òjìji, kí ìlà pọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ṣú, kí ó fọ́n ká níbi tí ó yẹ kí ó mọ́lẹ̀. Èmi kò sọ pé kí ó ṣe àdàkọ orí Ifẹ̀. Mo ní kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀.

Jagunjagun ta ni?

Ó kù kí a bi àwòrán náà léèrè ẹni tí ó jẹ́. Àṣíborí onírù ẹṣin yẹn, ti àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó wọ irú rẹ̀ ní Ìjàyè tàbí ní Ọ̀ṣogbo. Ó rọrùn fún mi láti wí pé kí ọmọ Yorùbá gbé àṣíborí àjèjì sílẹ̀ kí ó wọ gbẹ́rí ọdẹ, kí ọ̀rọ̀ sì parí. N kò lè wí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn jagunjagun wa fúnra wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí a fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọdún 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká tán títí di ọdún 1893, ìbọn òkè òkun ni àwọn Èkìtìparapọ̀ kó wá sí ojú rẹ̀. Ìró ìbọn àjèjì náà ni àwọn ènìyàn fi sọ ogun náà ní orúkọ. Wọ́n yá ohun ìjà, ṣùgbọ́n wọ́n mú un sọ Yorùbá. Ìyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ohun àyálò máa gbé inú ilé ẹni láìgbọ́ èdè ilé ni ó burú.

Nítorí náà kì í ṣe àṣíborí ni mo bá wí. Ojú ni mo bá wí. Jagunjagun tí ó wà nínú àwòrán yìí ń bínú, ó dá wà, kò sí ìlú lẹ́yìn rẹ̀ àfi èéfín. Ẹ fi í wé jagunjagun tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́. Olówè, tí ó kú ní ọdún 1938, ni ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú àwọn òpó rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York: ẹlẹ́ṣin ni ó wà ní òkè, obìnrin ni ó sì wà ní abẹ́ tí ó gbé e ró. Ẹlẹ́ṣin náà jókòó gbọnrangandan, ojú rẹ̀ balẹ̀, kò fi eyín han ẹnikẹ́ni. Agbára rẹ̀ kò sí nínú ìbínú. Ó wà nínú pé ó jókòó dáadáa, pé ènìyàn ń gbé e, pé òpó ni, ilé sì dúró lé e. Lọ́dọ̀ Olówè, a kò lè ya akin láìya àwọn tí ó gbé akin ró. Bẹ́ẹ̀ ni oríkì pẹ̀lú ń ṣe: kò sí oríkì jagunjagun tí kò dárúkọ bàbá, ìyá tàbí ìlú.

Ìdí nìyí tí ìdáhùn alájàá-iṣu fi dùn mọ́ mi. "Ti Mile 12 ni." Fínfín rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Ó fún jagunjagun aláìnílùú ní ìlú. Àwòrán tí ó wà ní apá rẹ̀ kò tó ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa rẹ̀, èyí sì ni ẹ̀bi tí mo rí lára púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun tí mo ti rí láti Ojota títí dé Ketu: àwọn tí ó ń rù wọ́n ní ìtàn jù wọ́n lọ.

Ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn

Bí aṣọ kò bá dára, a lè bọ́ ọ. Bí ère kò bá dára, a lè dá a padà fún agbẹ́gilére. Ti fínfín kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ a máa kó àrùn ẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV ran ènìyàn. Ó sì wà nínú àwa aláwọ̀ dúdú tí ọgbẹ́ wọn máa ń wú di kìlóìdì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro lòdì sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ké lé lórí ni pé a ń mú ènìyàn bí ọ̀daràn nítorí pé ó fín ara. Mo gbà pẹ̀lú wọn: apá kì í ṣe ẹ̀rí ìwà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Nàìjíríà kì í gba ẹni tí ó ní fínfín lára. Ó wà lára àwọn ohun tí wọ́n máa ń là sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi nítorí pé mo mọ̀ pé ó ti kọ orúkọ sílẹ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ẹ ní jagunjagun apá mi kò ní jẹ́ kí n di jagunjagun?" Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. N kò sọ fún un pé kí ó má fín ara, nítorí pé àgbàlagbà ni, ara rẹ̀ sì ni. Mo sọ ohun mẹ́ta tí mo ti kọ síhìn-ín fún un: pé eérú inú àwòrán yẹn kò ní bá awọ rẹ̀ gbé, pé ìlà yóò bá a gbé, àti pé bàbá rẹ̀ kò sí nínú àwòrán náà rárá. Mo ní kí ó padà sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ó béèrè oríkì bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó padà wá, pẹ̀lú ìwé kan tí ọkùnrin ará Ketu yẹn yà fún un. Fọ́tò tí ó wà lára ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n wò yà á. Kò sí àṣíborí, kò sí kìnnìún, kò sí èéfín. Fìlà ni ó wà ní orí ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ balẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fi fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn, ó nípọn lábẹ́ àgbọ̀n, ó fọ́n ká ní iwájú orí. Ní abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ oríkì rẹ̀ sí. Mo wò ó pẹ́. Mo sì sọ fún un pé, bẹ́ẹ̀ ni, ó dára. Kò tí ì fín in títí di ìgbà tí mo kọ èyí. Ó ní òun yóò dúró kí àwọn ológun dá òun lóhùn ná. Bí wọn kò bá gba òun, apá òun kò kúkú lọ síbì kan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Àwọn ìyá tí ó ní kóló àti orúkọ ní apá wọn ń lọ lójoojúmọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn olóòlà sì ń bá wọn wọ ilẹ̀. Nígbà tí ẹ bá lọ sí ilé fún ọlidé, ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù dání. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìyá àgbà yín, ẹ ya ohun tí ó wà ní apá rẹ̀ bí ó ti rí gan-an, ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é, ìlú tí wọ́n ti ṣe é, àti ìdí tí ó fi yàn án. Ẹ mú un wá fún Ẹgbẹ́ wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń fín ara ní Ketu ń wá àwòrán tí yóò dúró lórí awọ dúdú, ó sì wà lára ìyá àgbà wọn.